Aago lásán, aago àdàlù, tàbí smartwatch: èwo ni kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi owó kékeré rà?

Oríṣi aago ọwọ́ mẹ́ta tí owó wọn kò ga jù ni ẹ ó bá lórí tábìlì àwọn tó ń pàtẹ láti Takie títí dé Under G. Àkọ́kọ́ ni aago ọlọ́wọ́ mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀: ọwọ́ wákàtí, ọwọ́ ìṣẹ́jú, àti ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré ka ìṣẹ́jú àáyá. Aago lásán ni mo máa pè é, kì í ṣe láti bú u. Èkejì ni smartwatch olójú gíláàsì tó ń tàn bíi fóònù, èyí tí àwọn ọmọ LAUTECH fẹ́ràn. Ẹ̀kẹta ló jẹ́ kí n gbé kálàmù. Bí ẹ bá wo ojú rẹ̀, aago bàbá ẹni ni. Bluetooth sì ń bẹ nínú rẹ̀, ó mọ ìgbà tí fóònù ń dún, ó ń ka ìṣísẹ̀. Àdàlù gan-an ni, ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní aago àdàlù.

Iye owó kì í dúró lójú kan, nítorí náà ìpele ni mo máa fi sọ̀rọ̀. Aago lásán ló sábà máa ń kéré jù lówó. Smartwatch tí kò lórúkọ tẹ̀ lé e, àdàlù sì lè wọ́n ju méjèèjì lọ torí pé kò pọ̀ lọ́jà. Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo ló wà nínú aago àdàlù tó tó owó tí wọ́n lé e lórí: pé ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni nígbà tí fóònù bá ń dún. Ìyókù, èènì ni. Bí ìpè kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ra aago lásán tó dára, kí ẹ fi owó tó kù ra okùn awọ sí i. Àmọ́ bí ẹ bá wà lára àwọn tí ìyàwó tàbí ọ̀gá máa ń bi pé "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè yín?", ẹ máa bá mi bọ̀.

Ohun tó ń bẹ nínú wọn

Aago lásán àti aago àdàlù, kristali kan náà ló ń darí wọn. Quartz ni wọ́n ń pè é. Bí iná bátìrì bá kàn án, á máa gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ kékeré kan á máa kà á, bó bá ti pé iye yẹn, á ti ọwọ́ aago síwájú. Seiko ti Japan ló kọ́kọ́ ta aago ọwọ́ oníquartz, ní oṣù Kejìlá 1969, owó rẹ̀ nígbà yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Lónìí, a ń rà á lójú títì láàárín ìgbà tí ọkọ̀ kò tíì kún. Orúkọ tí ẹ ó rí jù lọ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tó dára ni Miyota, ti ilé-iṣẹ́ Citizen. Èyí tí wọ́n ń pè ní Miyota 2035, ohun tí àwọn tó ṣe é kọ ni pé kò ní fi ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ yà láàárín oṣù kan, ì báà jẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ta ló ń bá ìṣẹ́jú àáyá 20 jà nílùú tí òde aago mẹ́wàá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá?

Àdàlù fi Bluetooth kún un, ó fi mọ́tò kékeré tó ń gbọ̀n kún un, ó tún fi ohun tó ń mọ̀ bí apá bá ń mì kún un. Bluetooth onínáwó-iná-díẹ̀, tó bá Bluetooth 4.0 jáde ní 2010, ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Kí ó tó dé, bátìrì bọ́tìnnì kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní 2018, Lenovo gbé Watch 9 jáde, Xiaomi náà gbé ti Mijia jáde, àwọn yìí sì wà lára àwọn tó fi hàn pé kò dìgbà tí èèyàn bá lówó rẹpẹtẹ kó tó wọ irú aago yìí. Withings gbé Move tirẹ̀ jáde ní 2019, dọ́là 69.95 ni owó rẹ̀ nígbà yẹn. Ní náírà òde òní, ìyẹn ti kúrò ní owó kékeré, àmọ́ ó ṣì jẹ́ òdiwọ̀n tó dára láti fi wo àwọn tí kò lórúkọ.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí kò hàn sójú: fóònù ló ń tún àkókò aago náà ṣe. Ẹni tó bá lọ sí Mẹ́kà, àkókò ibẹ̀ fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Bí fóònù bá ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun wà, ọ̀pọ̀ aago àdàlù á yí ọwọ́ ara wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ó dùn ún wò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún nìyẹn, fún ẹni tó tún rí owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ iná

Ibí ni smartwatch ti ń pàdánù ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú yìí. Ojú tó ń tàn ń jẹ iná, nítorí náà ẹ ó máa fún un ní ṣáájì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èyí tó gbìyànjú jù á lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí kó lé díẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, fóònù ló kọ́kọ́ ń rí ojú rere powerbank, aago ló ń gbẹ̀yìn. Ohun tó tún burú ni okùn ṣáájì rẹ̀. Kì í ṣe ti fóònù. Òun nìkan ló bá a mu, onímágínẹ́ẹ̀tì ni, bó bá sọnù, ẹ lè rin gbogbo Sabo kí ẹ má rí irú rẹ̀. Mo mọ àwọn tó fi smartwatch wọn sínú àpótí títí di òní torí okùn yẹn.

Aago lásán kò mọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Bátìrì bọ́tìnnì tí wọ́n kọ SR626SW sí lára ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà 7. Ọdún méjì sí mẹ́ta ló ń lò. Ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tó ń tún aago ṣe tí kò ní in nínú páálí rẹ̀. Kìkì pé kí ẹ la ojú yín sílẹ̀ nígbà tó bá ń pààrọ̀ rẹ̀: LR626, tí wọ́n tún ń kọ AG4 sí, rí bákan náà, ó sì wọlé síbi kan náà, àmọ́ alkaline ni, kì í pẹ́ kú, ó sì lè tu omi sára ẹ̀rọ bó bá kú síbẹ̀. SR ni ti aago. Ẹ sọ fún un kí ó fi ẹ̀yìn bátìrì hàn yín kó tó dé e.

Àdàlù pín sí méjì níbí. Èyí tó ní ojú kékeré oníná lábẹ́ ọwọ́ aago máa ń gba ṣáájì bíi smartwatch, n kò sì rí ìdí tí ẹ fi máa san owó méjì fún wàhálà kan náà. Èyí tó ń lo bátìrì bọ́tìnnì ni kí ẹ wá. Withings Move ń lo CR2430, wọ́n ní ó lè lo oṣù 18. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn ń lo CR2032, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù, kì í ṣe torí pé ó lágbára jù, bí kò ṣe pé ibi gbogbo ló wà: òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí a ń tẹ̀, òun náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Bí ó bá kú ní àárọ̀, ẹ ó rí òmíràn rà kí oòrùn tó mú. CR2430 ní tirẹ̀ lè gbé yín dé Ìbàdàn.

Bátìrì yìí kì í pé iye tí wọ́n kọ sára páálí bí ẹ bá jẹ́ kí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ máa gbọn aago. Ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé nìkan lè pa á. Ẹ fi ìpè nìkan sí i, kí ẹ yọ ìyókù.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì nílé, ẹ má fi ògbólógbòó rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Bí ọmọdé bá gbé CR2032 mì, tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè dá egbò ńlá sí i láàárín wákàtí méjì, bí bátìrì náà tilẹ̀ ti kú. Ilé-ìwòsàn ni ẹ ó gbé e sáré lọ, kì í ṣe pé kí ẹ fún un ní ẹ̀bà gbé mì.

Wíwo àkókò, ọ̀sán àti òru

Ní ọ̀sán gangan, nínú oòrùn, aago ọlọ́wọ́ ló borí. Smartwatch olówó pọ́ọ́kú, ojú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó gbé ọwọ́ sókè kó tó mọ̀ pé ẹ fẹ́ wo òun, nígbà mìíràn ẹ ó tún fi ìka gbá a. Ní òru tí iná ti lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọwọ́ aago tí wọ́n fi ọ̀dà atàn-lókùnkùn kùn máa ń tàn fún ìgbà díẹ̀, kó tó di aago méjì òru ó ti rẹ̀ ẹ́. Smartwatch á là gbàgà. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé lóru, tàbí tó ń jí sí sààrì nínú Ràmàdáánì, kó ro ìyẹn mọ́ ọn. Àmọ́ bó bá jẹ́ iná alẹ́ àti áláàmù nìkan ni ó ń wá, Casio F-91W onínọ́ḿbà ti wà lọ́jà láti 1989, bátìrì rẹ̀ ń lo bí ọdún méje, kò sì bá fóònù kankan sọ̀rọ̀. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù, ìyẹn nìkan ni aburú rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ ni ọwọ́ kẹta, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ aago àdàlù ni kò ní in. Wọ́n yọ ọ́ nítorí pé fífi ọwọ́ kan ṣísẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá ń jẹ bátìrì, wọ́n sì fi ojú kékeré tó ń fi ìṣísẹ̀ hàn dípò rẹ̀. Withings Move wà lára irú èyí. Fún èmi tí mo kàn fẹ́ mọ̀ pé aago mẹ́ta ti lù, kò ṣe nǹkan kan. Fún nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ aláìsàn mú tí wọ́n ń wo aago: ìlù ọkàn ni wọ́n ń kà, fún ìdajì ìṣẹ́jú tàbí ìṣẹ́jú kan gbáko, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n sì ń fi ṣe òdiwọ̀n. Bákan náà ni kíka mímí ọmọdé tí àyà ń dùn. Kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa fi fóònù ṣe láàárín ibùsùn kan sí èkejì. Bí ọmọ yín bá ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ má fi aago àdàlù tí kò ní ọwọ́ kẹta ṣe ẹ̀bùn fún un, bó ti wù kó rẹwà tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. JAMB kì í gba aago ọwọ́ wọ gbọ̀ngàn UTME, lásán ni o, olóye ni o. Nínú ìdánwò mìíràn tí wọ́n ti ń gba aago lásán, smartwatch ni ojú olùṣọ́ ń kọ́kọ́ wá. Àdàlù lè kọjá nítorí pé ojú rẹ̀ dà bí aago lásán, àmọ́ kí ẹ má ṣe dán an wò: bí wọ́n bá rí i tó gbọ̀n, ta ni yóò gbà pé ẹ̀gbọ́n yín ló ń pè?

Gbígbọ̀n: ohun tí owó wà fún

Èyí tí mo wọ̀ fúngbà díẹ̀, tí mo ń tìtorí rẹ̀ kọ èyí, kò ní ju ìyẹn lọ: ìpè wọlé, ó gbọ̀n, ìpè dúró, ó dákẹ́. Kò fi orúkọ ẹni tó ń pè hàn. Ìyẹn sì tó. Ní ọjà Wazo, láàárín ariwo ẹ̀rọ ìlọta àti àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn, fóònù lè dún nínú àpò kí ó sì dákẹ́ kí ẹ má mọ̀ rárá. Aago gbọ̀n lọ́wọ́, mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé e. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, ẹ lè pa ohùn fóònù pátápátá, kí ẹ sì mọ̀ síbẹ̀ pé ẹnì kan ń wá yín. Fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè láti Èkó tí kì í gbọ́, n kò mọ ẹ̀bùn tí ó dára ju èyí lọ ní irú owó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan nínú wọn gbọ́n díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fossil ṣe èyí tí ẹ lè fi nọ́ḿbà ojú aago fún ẹni tó bá ń pè: ọwọ́ aago á sáré lọ sí mẹ́ta bí ìyá bá pè, á lọ sí mẹ́sàn-án bó bá jẹ́ ọ̀gá. Ó wuyì, àmọ́ irú èyí kì í ṣe ti owó pọ́ọ́kú.

Ibi tí gbígbọ̀n kò ti ràn: orí ọ̀kadà. Ẹ̀rọ ọ̀kadà ti ń gbọn apá láti ìbẹ̀rẹ̀, ti aago á wọ inú rẹ̀, á sọnù. Ẹni tó ń fi ọkọ́ kọ ebè kò ní gbọ́ ọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni télọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí máṣíìnì. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìpè ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́ jù, ó sì dùn mí pé mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀. Smartwatch tó ń gbọ̀n tó tún ń tàn lè sàn díẹ̀ fún télọ̀, torí ojú rẹ̀ wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń sọ aago tuntun di aago lásán lójijì, fóònù ló sì ń fà á. Púpọ̀ nínú fóònù tí à ń lò nígboro yìí ni wọ́n ti kọ́ láti máa pa áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kí bátìrì fóònù lè pẹ́. Áàpù aago ni wọ́n máa ń pa ṣáájú. Ẹ ó so aago mọ́ fóònù ní àárọ̀, á gbọ̀n dáadáa, tó bá di ọ̀sán ìpè á wọlé, aago á máa wò yín. Kì í ṣe pé aago ti bàjẹ́. Ẹ lọ sínú Settings fóònù, ẹ wá áàpù aago náà, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ Battery sí, kí ẹ yàn pé kí wọ́n má ṣe dí i lọ́wọ́. Ẹ tún fún un láṣẹ láti máa rí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́. Bí fóònù bá jẹ́ Android láti 6 dé 11, á tún bèèrè pé òun fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ má bẹ̀rù, òfin Android ìgbà náà ni pé áàpù tó bá fẹ́ wá Bluetooth gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yẹn. Láti Android 12, Nearby devices ló ń bèèrè dípò rẹ̀. Áàpù aago tó bá wá ń bèèrè àwọn fọ́tò yín àti gbogbo nọ́ḿbà tó wà lórí fóònù, tí aago rẹ̀ kò sì lè fi orúkọ ẹnikẹ́ni hàn, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ìṣísẹ̀, àti wíwá fóònù

Aago kì í rí ẹsẹ̀, apá ló ń wò. Bí apá bá ń mì síwá sẹ́yìn bó ṣe máa ń mì nígbà tí a bá ń rìn, ó gbà pé à ń rìn. Nítorí náà ìyàwó ilé tó wọ̀ ọ́ gún iyán lè rí i pé òun ti rin ìrìn àjò láìkúrò nídìí odó. Ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì ti bárò ẹrù láti ẹnu ọ̀nà ọjà dé garéèjì kò ní rí ìdajì ìṣísẹ̀ rẹ̀, nítorí apá rẹ̀ kò mì. Ẹni tó ru igbá tó fi ọwọ́ dì í mú náà, bákan náà. Smartwatch kò sì mọ̀ ju àdàlù lọ níbí, irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun rìn lónìí ju àná lọ, á rí i. Ẹni tó bá fẹ́ iye gan-an, kó máa kà á lẹ́nu.

Wíwá fóònù ni mo kọ́kọ́ fojú kéré. Ẹ tẹ bọ́tìnnì aago, fóònù á dún níbi tó wà, kódà bí ẹ bá ti pa ohùn rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù wọn. Kò ní ràn yín lọ́wọ́ bí fóònù bá ti wọ ọkọ̀ lọ, torí Bluetooth kì í kọjá bíi mítà mẹ́wàá nínú ilé. Àmọ́ fún fóònù tó wọ àárín ìrọ̀rí, tàbí èyí tí ọmọ gbé lọ sẹ́yìn ilé, ó dára gan-an.

Ìlera: ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu ọlọ́jà mú yín

Smartwatch ní iná aláwọ̀ ewé lẹ́yìn tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá lábẹ́ awọ, ó sì lè sọ bí ọkàn ṣe ń lù bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́. Ó dára títí dé ibẹ̀. Èyí tó bá ní òun ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láìsí ohun tí wọ́n ń dì mọ́ apá, ẹ má fi í pinnu oògùn kankan. Èyí tó bá ní òun ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹ tilẹ̀ kọjá: àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ ní oṣù Kejì 2024 pé kí ẹnikẹ́ni má lo smartwatch tàbí òrùka tó ní òun ń wọn ṣúgà láìgún awọ, wọ́n ní àwọn kò tíì fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó bá gba aago bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè fún ara rẹ̀ ní oògùn tó lè pa á. Àdàlù olówó pọ́ọ́kú kò sábà ṣe irú ìlérí yìí, mo sì kà á sí ìwà rere fún un.

Omi, ọyẹ́, àti okùn

"Ẹ̀gbọ́n, omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan!" Ohun tí ọlọ́jà máa ń wí nìyẹn. Ẹ yí ẹ̀yìn aago padà kí ẹ kà á. Bó bá jẹ́ 3 ATM (ìwọ̀n bí omi ṣe lè tẹ aago tó) tàbí 30 mítà, àlùwàlá àti òjò fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní ṣe é ní nǹkan, kì í ṣe pé kí ẹ bọ́ sínú odò pẹ̀lú rẹ̀. Mítà tí wọ́n kọ yẹn, ìdánwò inú ẹ̀rọ ni. 5 ATM ni ti ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, omi kò gbọdọ̀ kàn án. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ pààrọ̀ bátìrì, rọ́bà tó yí i ká lè má jókòó dáadáa mọ́, ẹ bèèrè.

Nígbà ọyẹ́, eruku á wọ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, a sì máa fá gíláàsì tí kì í ṣe ojúlówó. Okùn, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, 20 tàbí 22, torí ìwọ̀n wọ̀nyí ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà.

Ọjọ́ tí áàpù bá kú

Pebble jẹ́ smartwatch tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2018, wọ́n pa ohun tó ń gbé áàpù rẹ̀ ró lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kìíní 2024, Fossil náà kéde pé òun ti jáwọ́ nínú ṣíṣe smartwatch. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn ńlá, kí la fẹ́ sọ nípa èyí tí orúkọ áàpù rẹ̀ kò tilẹ̀ bá orúkọ ara páálí mu? Smartwatch tí áàpù rẹ̀ kú lè má mọ iye tí aago lù mọ́ bí iná rẹ̀ bá ti tán lẹ́ẹ̀kan. Àdàlù á di aago lásán. Ọwọ́ rẹ̀ á ṣì máa rìn, bó bá ti ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí i láìsí fóònù. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé áàpù nìkan ló lè yí ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì irú wọn, tí áàpù kò sì sí mọ́, ọ̀ṣọ́ ọwọ́ lásán ni ẹ wọ̀.

Ta ni kó ra èwo

Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ọlọ́kadà, àgbẹ̀: aago lásán tó ní ọwọ́ kẹta. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyálọ́jà, pásítọ̀, àáfà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jókòó ní ìpàdé, òbí tí etí rẹ̀ ti ń wúwo: àdàlù, tó ń lo CR2032, tó ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí ọwọ́ rẹ̀. Fún òbí, ẹ bá a ṣe Settings fóònù yẹn tán kí ẹ tó padà sí Èkó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa pè é kí ẹ lè sọ fún un pé aago rẹ̀ kò gbọ̀n.

Smartwatch wà fún ọ̀dọ́ tó ń sáré ní pápá, tó ní powerbank, tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí ojú tó ń tàn. Kò burú. N kàn ò ní pè é ní aago tí ẹ ó ṣì máa lò lọ́dún mẹ́ta sí i.

Lórí tábìlì ọlọ́jà

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu fún àdàlù. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù ka àwòrán onígun mẹ́rin (QR code) ara páálí, ẹ gba áàpù náà sórí fóònù yín níbẹ̀, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan pè yín. Ẹ pa ojú fóònù, ẹ bá ọlọ́jà dúnàádúrà ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kí wọ́n tún pè; ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ìdánwò gidi. Ẹ yí ọwọ́ aago lọ síwájú kí ẹ wò ó bóyá áàpù á dá a padà sí àkókò tó tọ́, kí ọwọ́ ńlá sì jókòó sórí méjìlá géérégé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ ní kó bá yín ṣí i, kí ẹ fi ojú yín rí nọ́ḿbà bátìrì. Bí ọlọ́jà bá ní òun kò gbà kí ẹ so ó mọ́ fóònù kí ẹ tó sanwó, ẹ dá a padà sórí tábìlì rẹ̀, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kí ẹ bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn.